Òkè Tí Gbogbo Ilé Lè Jọ Lọ

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo fẹ́ kí a jọ sọ lónìí, pàápàá ìsinmi orí òkè. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn ló dá a sílẹ̀ nílé wa ní Ìlọrin, ní àkókò ọyẹ́ tó kọjá. Ètè gbogbo wa ti là, a ti ti fèrèsé pa nítorí eruku, mo sì wà ní ilé ìdáná tí mò ń ro ọkà lọ́wọ́. Ó gbé fóònù bàbá rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, ó ní, "Màámi, ẹ wá wo ọmọ Nàìjíríà lórí yìnyín."

Samuel Ikpefan ni ọkùnrin tó ń fi hàn mí. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣojú orílẹ̀-èdè wa nínú síkì ọlọ́nà jíjìn ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní Beijing lọ́dún 2022. Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí, pátákó méjì tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń dè mọ́ bàtà. Wọn a di ọ̀pá mú lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, wọn a sì máa fi agbára ara wọn yọ̀ lọ lórí yìnyín fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ó yàtọ̀ sí irú síkì tí ènìyàn fi ń já wálẹ̀ láti ṣóńṣó orí òkè bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. Èyí tí mò ń sọ yìí, ìrìn ni. Gìgísẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ pátákó, kí ẹsẹ̀ lè máa gbé sókè bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lọ sóko. Ní ilẹ̀ bíi Norway, ọ̀nà tí wọ́n fi ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò àti sí oko ọdẹ nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀ ni kí ó tó di eré ìdárayá.

"Ẹ jẹ́ kí a lọ sí òkè tí yìnyín wà nígbà ìsinmi," ni ọmọ náà wí. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti wọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò iye tí yóò ná wa. Màmá, ìyá ọkọ mi, jókòó lórí àpótí, wọ́n ń já ewé ẹ̀fọ́. Wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ. Èmi á ṣọ́ ilé."

Gbólóhùn méjì yẹn ló mú mi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdànrè

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi ni mo yan Òkè Ìdànrè fún wa. Mo rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù: àpáta ńláńlá tí ìkùukùu bò lórí, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣòkòtò pélébé tí wọ́n na ọwọ́ sókè. Ibi tó dára ni lóòótọ́. Lórí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú wọn dó sí ẹsẹ̀ òkè. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tí mo fi yàn án. Bàbá, ọkọ Màmá tó ti dolóògbé, ti ṣe tíṣà ní Ìdànrè nígbà èwe wọn kí wọ́n tó fẹ́ Màmá. Jálẹ̀ ìgbésí ayé wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlú orí òkè yẹn, tí wọ́n sì ń ṣe ìlérí pé àwọn yóò mú ìyàwó àwọn lọ wò ó. Iṣẹ́ kò gbà, lẹ́yìn náà owó kò gbà, lẹ́yìn náà ara kò gbà. Èrò mi ni pé kí a bá wọn san gbèsè náà.

Àwòrán kì í sọ iye àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn tó wà ní Òkè Ìdànrè ju 600 lọ. Àwọn ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, kí ènìyàn lè jókòó mí. Ní ibi ìsinmi kejì, orúnkún Màmá kọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, òógùn sì bo iwájú orí wọn. A wo ara wa. A ti sanwó, a ti wa mọ́tò láti Ìlọrin, àwọn ọmọ sì ti gòkè lọ tí a ń gbọ́ ohùn wọn lókè.

Èmi ni mo sọ ọ́, n kò lè fi bò yín: "Màmá, ẹ jókòó síbí o. A ò ní pẹ́."

A pẹ́. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí a tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó dúró tì wọ́n. Nígbà tí a dé, oòrùn ti yí, òjìji tí a fi wọ́n sí ti lọ, wọ́n sì ti wọ́ ara wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ike omi wọn ti gbẹ. Àlejò kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló bó ọsàn fún wọn. Wọn kò bá wa jà. Wọ́n kàn sọ pé, "Mo ti rí òkè náà láti ìsàlẹ̀."

Nínú mọ́tò, ọmọ kékeré fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn ohun tó rí. Bàbá rẹ̀ ṣẹ́jú sí i, ó sì pa ẹnu mọ́. Láti ọjọ́ náà a kò dárúkọ Ìdànrè mọ́ nínú ilé wa. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni "Ẹ máa lọ, èmi á ṣọ́ ilé" ti di èsì Màmá sí ìrìn àjò gbogbo, ìbáà ṣe ìgbéyàwó ní Ọ̀fà tàbí ìsìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tí àwọn onísíkì ń wò

Nítorí náà n kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo kà nípa bí àwọn tó ń ṣe síkì ọlọ́nà jíjìn ṣe ń yan òkè tí wọn yóò kó ìdílé lọ. Mo rò pé èyí tó ga jù ni wọn yóò máa wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni ọ̀nà. Wọ́n máa ń fi àmì sí ọ̀nà orí yìnyín, wọ́n sì máa ń fi àwọ̀ pín in sí ìsọ̀rí: ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, àwọ̀ ewé ni fún ọ̀nà tó rọrùn jù, búlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pupa, dúdú sì ni fún àwọn akíkanjú. Ẹni tí ó bá mọ agbára rẹ̀ yóò mọ àwọ̀ rẹ̀.

Ohun kejì ni ilé tí wọn yóò dé sí. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ilé tí ọ̀nà kúkúrú àti ọ̀nà gígùn ti jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá tí ara rẹ̀ le lè rin 20 kìlómítà, ọmọ kékeré lè rin méjì, ìyá àgbà lè rìn dé ìdí igi àkọ́kọ́ kí ó padà, ṣùgbọ́n ìdí tábìlì kan náà ni wọn yóò ti jẹun alẹ́. Ohun kẹta ni ọ̀nà àbọ̀: bí ó bá rẹ ẹnì kan ní àárín ọ̀nà, báwo ni yóò ṣe padà, ta ni yóò sì tẹ̀ lé e? Ohun kẹrin ni ojú ọjọ́, àti ẹni tó mọ òkè náà tí yóò sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Bí mo ti ń kà á ni mo bá ìtàn kan pàdé. Ní ìgbà òtútù tó wọ ọdún 1206, ogun abẹ́lé ń jà ní Norway. Ọmọ-ọba kan wà tí ń jẹ́ Haakon, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì tó ọdún méjì, àwọn ọ̀tá sì ń wá a láti pa. Jagunjagun méjì de pátákó síkì mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n gbé ọmọ náà, wọ́n sì gba orí òkè kọjá nínú ìjì yìnyín títí wọ́n fi gbé e dé ibi ààbò. Ọmọ náà dàgbà, ó sì jọba. Láti ọdún 1932 ni wọ́n ti ń fi ìdíje síkì kan rántí ìrìn àjò náà, láti Rena dé Lillehammer, 54 kìlómítà lórí òkè. Òfin ìdíje náà ni pé ẹnikẹ́ni tó bá kópa gbọ́dọ̀ gbé ẹrù tí kò dín ní kìlógíráàmù mẹ́ta àtààbọ̀ sẹ́yìn, ní ìrántí ọmọ tí wọ́n gbé.

Mo pa fóònù náà dé. Àwọn yẹn gbé ọmọ ọlọ́mọ gba inú ìjì kọjá. Èmi fi ìyá ọkọ mi sílẹ̀ ní ibi ìsinmi kejì, nínú oòrùn, nítorí àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti yìnyín tán kíákíá, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò béèrè. Ọ̀kan nínú àwọn òkè síkì tó súnmọ́ wa jù ni Oukaïmeden ní Mòrókò, nítòsí Marrakesh, níbi tí òkè ti ga ju 2,600 mítà lọ sí òkun. Ṣùgbọ́n síkì tí wọ́n fi ń já wálẹ̀ ni ibẹ̀ lókìkí fún. Kí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó dé ibẹ̀ láti Ìlọrin, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà àti físà, kí wọ́n lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó, kí wọ́n sì ra aṣọ òtútù tí wọn kò ní wọ̀ mọ́ láéláé. Ọmọ mi tó ń ṣírò sọ iye rẹ̀ fún wa, bàbá rẹ̀ sì bèèrè omi tútù. A fi yìnyín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ ìbéèrè mẹ́rin àwọn onísíkì sínú ìwé, mo sì gbé wọn lé àwọn òkè tiwa lórí.

Àwọn òkè tí a gbé yẹ̀ wò

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni Òkè Sóbí, tí gbogbo ará Ìlọrin ń rí láti ibikíbi. Àárọ̀ ọjọ́ kan péré ni ó lè gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́, kò sì sí ọ̀nà fún arúgbó níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa Kwara náà ni omi Òwu wà, ní Ọ̀wà Kájọlà, tó ń já láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bí 100 mítà. Ó wù mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ààbò ní àwọn apá kan ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lásìkò yìí, n kò sì ní kó ọmọ lọ síbi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni ẹ̀gbọ́n fẹ́. Ìtàn rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ní 1830. Gíga rẹ̀ sí òkun jẹ́ 137 mítà péré, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀rọ agbénigòkè sí i, kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn má baà fi àtẹ̀gùn pọ́n. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà tí ẹ fẹ́ kí ó dé orí àpáta, ẹ fi ti Olúmọ ṣe àkọ́kọ́. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kàn rí i dájú pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ̀rọ kò ju iná tó ń gbé e lọ. Ohun tó mú wa fò ó ni pé ọjọ́ kan tó láti wò ó tán, ọjọ́ mẹ́rin sì ni ìsinmi wa.

A wo Adó-Àwáyé lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, níbi tí adágún Ìyàkẹ́ wà lórí òkè. Ìyanu ni kí omi dúró sí orí àpáta tí kò sì gbẹ. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ ju 300 lọ. Nígbà tí mo ka èyí, n kò kà síwájú.

Obúdù ni ọkọ mi dúró lé lórí, mo sì gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí i. Bí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà bá ń wá òkè tó jọ ti àwọn onísíkì, Obúdù ní ìpínlẹ̀ Cross River ni. Ó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà sí òkun, òtútù ibẹ̀ sì lè mú ènìyàn wọ kóòtù ní ọ̀sán. Ní ọdún 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sin màlúù níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ń rìn lórí wáyà wà tí wọ́n ṣe láti máa gbé ènìyàn gòkè, nǹkan bí 4 kìlómítà. "Ṣé o rí i?" ni ọkọ mi wí, "Màmá kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn kankan." Mo bi í pé wákàtí mélòó ni Màmá yóò fi ká orúnkún nínú mọ́tò láti Ìlọrin dé ibẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ní mo sọ òótọ́. Ìdí kan náà ló mú wa fi Jos sílẹ̀, àti Máńbílà ní Tàràbà, níbi tí òkè Gangirwal tó ga jù lọ ní Nàìjíríà wà, 2,419 mítà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́, tí orúnkún yín kò tíì kọ ẹjọ́, ẹ gbé ìwọ̀nyí yẹ̀ wò.

Ìdí tí a fi mú Ìkọ̀gọ̀sì

Ìkọ̀gọ̀sì ní Èkìtì ló kù. Tẹ́lẹ̀ rí, n kò kà á sí òkè, nítorí omi rẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rí. Àárín òkè ni ìlú náà wà, lára ọ̀wọ́ òkè gígùn tí Ẹ̀fọ̀n Aláayè jókòó lé. Níbẹ̀ ni ìsun omi gbígbóná ti ń tú jáde, tó gbóná tó 70 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ní orísun rẹ̀. Ó ń ṣàn lọ pàdé omi tútù tó ń bọ̀ láti ìsun mìíràn, níbi tí wọ́n sì ti pàdé, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 37, gẹ́gẹ́ bí ara ènìyàn alààyè ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Ìpólé-Ìlórò wà, níbi tí omi Àrìnta ti ń já láti orí òkè, tí ọ̀dọ́ lè gùn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀yìn ọ̀wọ́ òkè kan náà, ní apá Ọ̀ṣun, ni omi Olúmirin ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà wà, tó ní ìpele méje, ọ̀kan lórí èkejì.

Mo tún àkọsílẹ̀ mi kà. Ọ̀nà gígùn wà, ọ̀nà kúkúrú wà. Ẹni tí kò lè gùn kò ní jókòó máa ṣọ́ bàtà àwọn tó gùn. Òun náà ní ohun tí ó wá ṣe níbẹ̀. Ilé kan náà ni gbogbo wa yóò sì padà sí. Ohun tí àwọn onísíkì ń wá gan-an nìyí, yìnyín nìkan ni kò sí.

Mo pe ilé ìtura kan ní agbègbè náà. N kò béèrè àwòrán lọ́wọ́ wọn. Mo béèrè bóyá yàrá ìsàlẹ̀ wà, bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń jókòó lé, bóyá ibi tí àgbàlagbà lè fi ọwọ́ dì mú wà nínú balùwẹ̀. Níkẹyìn mo bi obìnrin tó gbé fóònù pé ìṣísẹ̀ mélòó ni láti ẹnu yàrá dé ibi tí a ó gbé mọ́tò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tó béèrè irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n mú sùúrù. Ó pè mí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní òun ti lọ kà á. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá bá ẹni tó lọ kà á pàdé, ẹ sanwó fún un.

Ó wá ku Màmá. Mo wọ yàrá wọn lẹ́yìn ìrun alẹ́, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí nítorí ti Ìdànrè. N kò yẹ ní ẹni tó fi yín sílẹ̀."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Dìde nílẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé mo bínú? Orúnkún mi ló bínú."

Mo ní a fẹ́ lọ sí Ìkọ̀gọ̀sì, a kò sì ní lọ láìsí wọn. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Àtẹ̀gùn mélòó?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ní èsì.

Ní etí omi

A rìn ní ọ̀sán, a kò rin òru. Mo ti kọ́kọ́ lọ bá àwọn awakọ̀ ní gáréèjì pé ọ̀nà wo ló dára lọ́sẹ̀ náà, nítorí ìmọ̀ràn ọdún tó kọjá kì í gbé ènìyàn dé ibi tó ń lọ. A gba Ọ̀fà àti Òṣogbo dé Iléṣà, kí a tó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n. A dúró ní ìgbà mẹ́rin kí Màmá lè na ẹsẹ̀. Táyà wa kan jò lójú ọ̀nà, mo sì ti gbàgbé òróró tí wọ́n fi ń pa orúnkún sórí tábìlì nílé. Kò sí ìrìn àjò tí kò ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi kó àwọn ọmọ lọ sí Àrìnta. Èmi dúró. Mo ti pinnu rẹ̀ kí a tó kúrò ní Ìlọrin pé ẹnì kan yóò máa wà pẹ̀lú Màmá nígbà gbogbo, a ó sì máa gbà á ṣe. Tèmi ni ọjọ́ àkọ́kọ́. A rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ dé ibi tí omi méjèèjì ti pàdé. Màmá ká ìró wọn sókè, wọ́n ti ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀dọ̀ omi gbígbóná, wọ́n ti èkejì bọ ọ̀dọ̀ omi tútù. Wọ́n yọ wọ́n, wọ́n yí wọn padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kọ orí igi.

Àwọn tó lọ gun òkè dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára àti ebi nínú. Ọmọ kékeré sáré wá jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ omi pẹ̀lú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí Àrìnta ti ga tó, bí àpáta ti ń yọ̀, bí bàbá rẹ̀ ti ṣubú jókòó. Màmá gbọ́ ọ títí ó fi parí. Nígbà náà ni wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Wá sọ ti Ìdànrè fún mi báyìí. Kí lẹ rí lókè níbẹ̀?"

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mi orí sí i. Èmi wo inú omi.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ó sọ ti ààfin, ó sọ ti ilé ẹjọ́ àtijọ́, ó sọ bí ìlú tuntun ti kéré tó nígbà tí ènìyàn bá wò ó láti òkè. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, Màmá dá a dúró, wọ́n ní kí ó tún un sọ: báwo ni ògiri rẹ̀ ti rí, ibo ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí? Ó tún un sọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ṣì ń bi í ní ìbéèrè, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó dìde.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.